Ìbéèrè Yín Lórí Kíláùnfíṣì: Bí Ẹja Méjì Ṣe Ń Di Tọkọtaya Nínú Táńkì

Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ẹja omi iyọ̀ lójú ewé yìí, kò sí ẹja tí ẹ ń béèrè nípa rẹ̀ tó kíláùnfíṣì, ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn tí ìlà funfun mẹ́ta wà lára rẹ̀ lóròó bí ilà pélé. Ọ̀nà tí ìbéèrè yín ń gbà wá yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó ń dùn yín lọ́kàn: ẹ ra méjì kí wọ́n lè máa gbé pọ̀, ọ̀kan sì fẹ́ pa èkejì. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lónìí. Mo gé wọn kúrú díẹ̀, n kò sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni síta.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù, Peckham ni mò ń gbé. Ó ti pé ọdún 6 tí mo ti ń sin kíláùnfíṣì méjì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ocellaris. Èyí kékeré kú ní oṣù tí ó kọjá, ó wá ku èyí ńlá nìkan, tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Mo ra òmíràn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o kí wọ́n lè jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, mo sì dà á sínú táńkì ní alẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àlejò ti wà ní ojú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, gbogbo lẹbẹ ìrù rẹ̀ ti ya, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Mo ti gbé e kúrò. Ṣé akọ ni kí n wá ni, àbí abo? Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ẹ̀dùn ẹja yín, ẹ sì ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí ilẹ̀ tún ṣú kí ẹ tó gbé àlejò náà kúrò. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹja méjì ni ẹ̀ bá pàdánù láàárín àkókò díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí ẹ béèrè gbẹ̀yìn, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Kò sí kíláùnfíṣì tí a bí ní abo. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin, wọn kì í ṣe akọ, wọn kì í ṣe abo. Ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wà láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ni ó ń sọ ohun tí yóò dà. Èyí tí ó tóbi jù, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ká àwọn yòókù, ni yóò di abo. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni yóò di akọ. Àwọn kéékèèké tí ó kù kò ní tí ì di ohunkóhun, wọn yóò kàn máa retí ìgbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀. Bí abo bá kú, akọ rẹ̀ ni yóò yí padà di abo, èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn kéékèèké yóò sì bọ́ sí ipò akọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Hans Fricke àti Simone Fricke, ni wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní ọdún 1977. Ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni ìyípadà náà ń gbà: akọ lè di abo, ṣùgbọ́n abo kì í padà di akọ láéláé.

Ẹja yín tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8, tí ó sì ti fi ọdún 6 jẹ́ àgbà lórí èkejì rẹ̀, abo ni. Èyí tí ẹ rà, ó ṣeé ṣe kí òun náà ti di abo níbi tí ó ti ń gbé tẹ́lẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ó wà nínú táńkì tí wọ́n ti gbé e fún yín. Abo méjì kì í gbé ilé kan. Ẹ rò pé ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí ẹ wá fún un, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ gan-an ni kò fẹ́ rí. Ẹni tí yóò gbà pé òun kéré ni ẹja yín ń wá.

Nítorí náà, ẹ má wá akọ, ẹ má sì wá abo. Ọmọ kékeré tí kò tí ì dà nǹkan kan ni kí ẹ wá, èyí tí gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 lọ, kí ẹ sì mú un láti inú táńkì tí irú wọn pọ̀ sí. Ẹ dúró wò wọ́n díẹ̀ kí ẹ tó nawọ́ sí ọ̀kan. Èyí tí ó ń lé àwọn yòókù kiri, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí ó ká ara rẹ̀ jọ sí igun tí kò jẹun, ẹ fi òun náà sílẹ̀. Èyí tí ó ń jẹun dáadáa, tí ó sì ń yẹra fún ọ̀gá ibẹ̀, ni tiyín. Ẹ rí i pé irú kan náà ni pẹ̀lú èyí tí ó wà nílé. Ní Ìlú Ọba níbẹ̀, àwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú táńkì láti inú ẹyin pọ̀ lọ́jà, àwọn ni mo sì fẹ́ kí ẹ rà, nítorí pé oúnjẹ gbígbẹ ti mọ́ wọn lára, ẹnikẹ́ni kò sì kó wọn kúrò nínú òkun.

Ó wá ku bí yóò ṣe wọlé. Nínú agboolé wa, obìnrin tí ó kọ́kọ́ wọlé ọkọ ni ìyálé, bí èyí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ tilẹ̀ jù ú lọ́jọ́ orí. Ọ̀rọ̀ kíláùnfíṣì kò jìnnà sí èyí. Gbogbo òkúta, gbogbo igun, àní ibi tí omi ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, ti abo yín ni láti ọdún 6 wá. Àlejò tí ó bá já lu àárín rẹ̀ lójijì, olè ni lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń ra méjì tuntun máa ń kó wọn wọlé lọ́jọ́ kan náà, tàbí kí ó kọ́kọ́ mú kékeré wọlé kí ńlá tó dé. Nígbà tí èyí kò ti ṣeé ṣe fún yín mọ́, ẹ wá àpótí rọ́bà kékeré oníhò, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ara gíláàsì nínú omi, kí ẹ sì fi ọmọ náà sínú rẹ̀. Omi yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá, wọn yóò máa rí ara wọn, ṣùgbọ́n ẹnu kò ní kan ara. Ibi tí ẹja ńlá máa ń sùn ni kí ẹ gbé e kọ́ sí, kí ẹ sì máa fún àwọn méjèèjì ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn. Ọjọ́ 7 ni ó kéré jù. Èmi máa ń fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ 14.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u sílẹ̀, ẹ ṣí òkúta méjì tàbí mẹ́ta nípò kí ojú ilé lè yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ bọ́ ẹja ńlá yó. Ẹ pa iná táńkì, ẹ fi ti yàrá sílẹ̀, kí ẹ wá gbé àga síwájú gíláàsì. Kí ẹ jókòó ni mo wí, kì í ṣe kí ẹ máa kọjá lọ kọjá bọ̀. Wákàtí kan àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń hàn.

Àwọn méjì tí ó wà nílé mi báyìí, bí wọ́n ṣe ṣe ti wọn nìyí. Abo jáde láti ẹ̀yìn òkúta, ó na gbogbo lẹbẹ rẹ̀, ó sì kọjú sí kékeré tààrà. Kékeré kò sá. Ó yí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ sí i, ó tẹ̀ sí apá kan bí ọkọ̀ ojú omi tí ó fẹ́ dojú dé, ó sì gbọ̀n láti orí dé ìrù bí ẹni tí òtútù ibà mú. Kò pẹ́ ju kí èèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ. Abo fi ẹnu kan ikùn rẹ̀, ó yí i ká, ó tún padà wá, kékeré sì tún gbọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó tó ìgbà mẹ́wàá. Nígbà tí ó máa fi di aago mẹ́sàn-án alẹ́, abo ti padà sí igun rẹ̀, kékeré sì dúró sí ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí i. Ìgbọ̀nrìrì yẹn ni ìdọ̀bálẹ̀ wọn. Kékeré tí ó bá ti ń gbọ̀n fún àgbà báyìí, àgbà máa ń dá a sí, ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó náà sì lè mí kanlẹ̀.

Kí abo máa lé e díẹ̀, kí ó máa fi ẹnu tọ́ ọ lára, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ó sún mọ́ oúnjẹ títí òun fi jẹ tirẹ̀ tán, gbogbo ìyẹn kò burú, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó rọlẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó gbé yín dìde lórí àga ni kí kékeré kọjú ìjà sí i, kí wọ́n gbé ẹnu há ara wọn lẹ́nu, kí lẹbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ya, tàbí kí kékeré sá lọ sí ojú omi kí ó má sọ̀ kalẹ̀ mọ́, bíi ti èyí tí ẹ gbé kúrò. Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ dá a padà sínú àpótí lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Bí ó bá di ìgbà kẹta tí kò bọ́ sí i, ẹ pààrọ̀ ọmọ náà, nítorí pé abo mìíràn wà tí kì í gba ẹni àkọ́kọ́ tí a bá mú wá fún un.

Ẹ má kánjú rárá. Èmi kánjú nígbà kan. Ẹni tí ó ta ẹja fún mi sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ti tó, mo gbé àpótí kúrò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo sì bá tèmi lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, mo wá ọmọ náà títí. Ẹ̀yìn pọ́ǹpù ni mo ti bá òkú rẹ̀, ojú rẹ̀ kan kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé ọ̀sẹ̀ kan péré sí i ni ì bá gbà mí.

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, Magodo ní Èkó ni mo ti ń kọ̀wé. Ọjọ́ kan náà ni mo ra kíláùnfíṣì mi méjèèjì, wọn kò sì ju ara wọn lọ. Wọ́n fi nǹkan bí oṣù kan ṣe ọ̀rẹ́. Ní báyìí, ọ̀kan ti ń tóbi, ó ń lé èkejì kiri, èkejì kò sì dàgbà mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra ẹ̀kẹta kún un kí ìjà náà lè pín. Omi táńkì mi máa ń tó dígírì 30 lọ́sàn-án, iná sì ń lọ ní gbogbo ìgbà. Ṣé ooru ni ó ń bí wọn nínú?

Ìdáhùn: Ẹ má ra ẹ̀kẹta, mo bẹ̀ yín. Nínú òkun, èèyàn lè rí tó márùn-ún tàbí mẹ́fà lórí anẹ́mónì kan, èyíinì ni ẹ̀dá inú omi tí ó rí bí òdòdó, tí ó sì ń ta ẹja yòókù, èyí tí kíláùnfíṣì fi ṣe ilé. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá lé níbẹ̀ ṣì ní òkun tí ó lè sá sí. Nínú táńkì, gíláàsì ni yóò forí sọ. Bí méjì bá ti di tọkọtaya, ẹ̀kẹta ni wọn yóò jọ dojú kọ, ikú ni ó sì sábà máa ń parí sí.

Ohun tí ẹ ń rí nílé yín, àgbà ni wọ́n ń yàn. Ẹja méjì tí wọ́n dọ́gba nígbà tí ẹ rà wọ́n kò lè dọ́gba títí lọ. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣíwájú kí ó lè di abo, èkejì gbọ́dọ̀ gbà fún un. Èyí tí kò dàgbà mọ́ kò ṣàìsàn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Peter Buston, fi àkókò gígùn wo irú kíláùnfíṣì tí wọ́n ń pè ní percula ní Madang, ní orílẹ̀-èdè Papua New Guinea, ó sì kọ ọ́ sínú Nature ní ọdún 2003 pé ẹja tí ó wà nísàlẹ̀ máa ń dá ìdàgbàsókè ara rẹ̀ dúró kí ó má baà sún mọ́ ìwọ̀n ẹni tí ó wà lókè rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ń bá àgbà du ìwọ̀n ni àgbà ń lé jáde. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ẹja tí ẹ̀yin ń wò bí ẹni tí ìyà ń jẹ ń fi ọgbọ́n tọ́jú ibùgbé rẹ̀ ni.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ máa wò ni bóyá ó ń jẹun àti bóyá lẹbẹ rẹ̀ pé. Ẹ máa ju oúnjẹ sí ìpẹ̀kun méjì táńkì lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀gá má baà lè dínà méjèèjì. Bí kékeré bá ń jẹ, tí ẹ sì ń rí i tí ó ń gbọ̀n nígbà tí ńlá bá sún mọ́ ọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí lẹbẹ bá ń ya tí kò san, tàbí tí àwọn méjèèjì ń kọjú ìjà síra wọn tí ẹnì kankan kò gbà, ẹ fi pátákó rọ́bà oníhò pín táńkì sí méjì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yìn náà, kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ rí i pé ìwọ̀n wọn ti yàtọ̀ dáadáa.

Ooru kọ́ ni ó dá ìjà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè pa wọ́n. Dígírì 25 sí 27 ni ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín kù, ẹja tí wọ́n sì ń lé kiri ni ó nílò afẹ́fẹ́ yẹn jù. Ní Èkó, fáànù kékeré tí ó ń fẹ́ sí ojú omi ni mo mọ̀ tí ó rọrùn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní àsìkò òjò nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù rinrin. Ẹ rántí pé omi nìkan ni fáànù ń gbé lọ, kò gbé iyọ̀. Omi lásán tí kò ní iyọ̀ ni kí ẹ fi máa dípò ohun tí ó bá fà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iyọ̀ yóò máa le sí i lójoojúmọ́. Ti iná tí ń lọ, ẹ wá pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tí ó ń lo bátìrì, irú èyí tí ó máa ń tan ara rẹ̀ nígbà tí iná bá kú. Kò wọ́n, ó sì máa ń gba ẹ̀mí ẹja là lóru tí ẹnikẹ́ni kò jí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ní Amẹ́ríkà ni mo wà. Wọ́n fi kíláùnfíṣì méjì ránṣẹ́ sí mi, ó sì ju wákàtí 24 tí wọ́n fi wà nínú ọ̀rá kí wọ́n tó dé. Mo ṣí ọ̀rá, mo fi rọ́bà tín-ín-rín kán omi táńkì sí wọn tó, tó, tó fún wákàtí méjì, bí mo ṣe kà á. Kí n tó parí, wọ́n ti ń mí gúlegúle, ọ̀kan sì kú lóru. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tí ẹ ṣe dára fún ẹja tí ó ti ìsọ̀ tí kò jìnnà wá. Kò dára fún ẹja tí ó ti fi ọjọ́ kan gbáko wà nínú ọ̀rá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Nínú ọ̀rá tí a dì pa, ohun méjì ni ó ń kó jọ. Èémí ẹja ń mú kí omi kan, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ sì ń di amóníà. Kíkan tí omi náà kan ni ó ń gbà á sílẹ̀, nítorí pé amóníà inú omi kíkan kì í ní oró tó bẹ́ẹ̀. Ní kété tí ẹ bá ṣí ẹnu ọ̀rá, afẹ́fẹ́ burúkú tí ó jẹ́ kí omi kan yóò fò lọ, omi kò ní kan mọ́, amóníà yóò sì gba oró rẹ̀ padà. Wákàtí méjì tí ẹ fi ń kán omi sí wọn, inú oró yẹn ni wọ́n ti lò ó.

Bí irú wọn bá tún dé, ẹ má ṣí ọ̀rá. Ẹ gbé e léfòó lórí omi fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ooru wọn lè dọ́gba. Kí wọ́n tó fi ẹja ránṣẹ́ ni kí ẹ ti béèrè bí iyọ̀ omi wọn ṣe le tó, kí ẹ sì po omi táńkì ìyàsọ́tọ̀ yín bá a mu. Nígbà tí ooru bá ti dọ́gba, ẹ ya ọ̀rá, ẹ gbé ẹja kọjá sínú omi tuntun lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì da omi ọ̀rá nù. Iyọ̀ ni ẹ ó wá máa gbé sókè díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi dé 1.025 lójú irinṣẹ́ tí a fi ń wọn iyọ̀ omi. Fún ẹja tí ó ti tòsí wá, kíkán omi fún ìṣẹ́jú 30 sí 45 tó: ẹ so kókó sí rọ́bà náà kí ó máa kán bí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin ní ìṣẹ́jú àáyá kan, títí omi yóò fi di ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ó jẹ́. Omi ọ̀rá kò gbọ́dọ̀ wọ táńkì nínú èyíkéyìí.

Mo dárúkọ táńkì ìyàsọ́tọ̀, ó sì yẹ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé àìsàn kan wà tí ó fẹ́ràn kíláùnfíṣì débi pé àwọn èèyàn ń fi orúkọ ẹja náà pè é. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á, Brooklynella ni orúkọ rẹ̀. Ohun yíyọ̀ tí ó bo ara ẹja yóò máa bó bí àkísà funfun, ẹja yóò máa mí kíákíá lójú omi, kò ní jẹun, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Oògùn kọ́pà tí a fi ń wo àwọn àìsàn ẹja òkun mìíràn kì í ran èyí. Omi tí a po fọ́málíìnì sí ni a fi ń wẹ̀ wọ́n, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara ìgò gẹ́lẹ́, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú omi náà, kí ẹni tí ó ń ṣe é sì wọ ìbọ̀wọ́, kí ó ṣí fèrèsé. Nítorí irú èyí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo máa ń fi ẹja tuntun pamọ́ sínú táńkì kékeré tí kò ní òkúta, tí ó ní hítà, asẹ́ kànrìnkàn àti ègé páìpù rọ́bà kan tí wọ́n lè sá sí.

Ẹni tí ó bá ń ra méjì lẹ́ẹ̀kan náà tún ní àǹfààní kan níbẹ̀. Táńkì ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe ilé baba ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí ọ̀kan bá tóbi díẹ̀ ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni wọn yóò ti yanjú ọ̀rọ̀ àgbà, kí wọ́n tó dé ilé wọn gan-an.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún 16 ni mí, Ìbàdàn ni a ń gbé. Màmá mi ti gbà kí n ṣe táńkì omi iyọ̀ kékeré. Ṣé mo lè lo iyọ̀ ọbẹ̀? Ṣé dandan ni kí n ra anẹ́mónì? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àwọn ẹja mi ti di tọkọtaya lóòótọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ. Má lo iyọ̀ ọbẹ̀. Ohun tí ó wà nínú omi òkun ju iyọ̀ lásán lọ, iyọ̀ òkun tí wọ́n pò fún táńkì sì ní gbogbo rẹ̀; nǹkan bí gíráàmù 35 ni ìwọ yóò pò mọ́ lítà omi kan. Má lo omi ọ̀sà Èkó náà. Wá táńkì tí kò dín ní lítà 80, kí o sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láìsí ẹja nínú rẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ ẹja díẹ̀ tí yóò máa jẹrà níbẹ̀, kí àwọn bakitéríà tí ń jẹ amóníà lè pọ̀ tó. Ìgbà tí o bá wọn amóníà tí o bá òdo ni kí o tó lọ sí ìsọ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń nira fún ẹni tí ó wà ní ọjọ́ orí rẹ láti máa wo táńkì òfìfo fún oṣù kan. Dúró dè é.

Anẹ́mónì kì í ṣe dandan. Iná líle ni ó ń fẹ́, inú táńkì tí ó ti tó ọdún kan ni ó ti ń gbádùn, ó sì máa ń rìn. Bí ó bá rìn wọ ẹnu pọ́ǹpù, ó lè ba omi jẹ́ fún gbogbo ẹja. Ní agbami tiwa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kò sí kíláùnfíṣì rárá; Òkun Íńdíà àti apá ìwọ̀-oòrùn Òkun Pàsífíìkì ni wọ́n ti wá, ibẹ̀ náà ni wọn kò ti lè gbé láìsí anẹ́mónì, nítorí pé ẹja ńlá yóò jẹ wọ́n. Inú táńkì rẹ, kò sí ẹni tí yóò jẹ wọ́n. Wọn yóò yan igun kan fúnra wọn. Ocellaris méjì, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan tóbi díẹ̀, ni kí o rà. Má ra irú kíláùnfíṣì tí wọ́n ń pè ní maroon, bí ẹwà rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó, nítorí pé abo rẹ̀ le ju ohun tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè kápá lọ.

Bí wọ́n bá ti di tọkọtaya, ojú kan náà ni wọn yóò máa sùn, abo yóò máa tóbi, akọ yóò máa tẹ̀ lé e. Ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó yé ẹyin. Ìwọ yóò kọ́kọ́ rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń fi ẹnu ha ibi pẹrẹsẹ kan mọ́, lórí òkúta tàbí lára gíláàsì, bí ẹni tí ń gbálẹ̀ de àlejò. Ẹyin wọn yóò lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, àwọ̀ ọsàn ni yóò kọ́kọ́ jẹ́, yóò wá máa dúdú, títí ojú àwọn ọmọ yóò fi máa dán bí fàdákà nínú ẹyin. Akọ ni yóò máa fi lẹbẹ fẹ́ ẹ tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 ni ẹyin náà yóò pa, lẹ́yìn tí iná bá ti kú lálẹ́. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n yé e síbi tí o ti lè rí i, wá ìkòkò amọ̀ kékeré tí wọn kò fi ọ̀dà kùn, irú èyí tí wọ́n ń gbin òdòdó sí, kí o dà á dùbúlẹ̀ sí igun tí wọ́n ń sùn. Omi lásán ni kí o fi fọ̀ ọ́ kí o tó gbé e sínú omi. Ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ kàn án.